Wọ́n ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìwé àgbáyé lórí ààbò níbi iṣẹ́, ṣé ìwé yẹn lè ran àbúrò mi tí ayùn gé níka l'Ádó lọ́wọ́?

Ọmọ_Òkèṣà (Fúráídéè, 7:42 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì Kete. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á tán, mo mọ̀ pé ó máa gùn díẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì kan níbí l'Ádó, ó ti tó ọdún méjì. Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń ti pákó sínú sákúlà, kò mọ̀ pé pákó yẹn ní kókó nínú, bí ayùn ṣe dé orí kókó ni igi há, ló bá ta padà sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ẹ̀ bá a wọlé. Ìka méjì ló lọ, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi lọ́jọ́ kejì. Kò sí irin kankan tó bo ayùn yẹn o. Ẹ̀jẹ̀ ṣì gbẹ mọ́ ìyẹ̀fun igi nílẹ̀, ọmọ míì sì ti dúró sídìí ẹ̀ tó ń la pákó lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Irin tó yẹ kó bò ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti dípẹtà, orí ẹ̀ ni wọ́n ń gbé kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń se tíì lé.

Ọ̀gá ẹ̀ san owó ọsibítù ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fún un ní ₦20,000, ó ní kó lọ sinmi nílé. Àfi bó ṣe di àná tó gbé ìwé kan wá tí wọ́n ti tẹ̀, pé kó fọwọ́ sí i pé òun ti gba owó, ọ̀rọ̀ ti parí, òun ò ní bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́ láéláé. Àbúrò mi ní ọwọ́ tó ku ló fẹ́ fi sáìn yẹn (ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín).

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá ń sọ fún mi pé Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin àgbáyé kan ní Geneva pé gbogbo ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ààbò, pé ìyẹn ni ká gbé tọ̀ wọ́n lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ohun tí wọ́n kọ ní Geneva lè dé Àdó? Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọmọ_Ìkéré_Gidi (Fúráídéè, 8:05 àárọ̀)

Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí mi, Ọlọ́run á wo ọwọ́ yẹn sàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fọwọ́ sí nǹkan kan o!! Ìka méjì, ₦20,000, ẹ wá ṣírò iye tí wọ́n dá lé ìka kan.

Èmi ń fọ́ òkúta l'Íkéré níbí. Eruku tí mò ń fà símú lójúmọ́, tí mo bá fun imú lálẹ́, funfun ló ń jáde bí ẹ̀kọ. Búùtù tí wọ́n fún wa, ara owó oṣù wa ni wọ́n ti yọ owó ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n yọ ọ́, gílọ́ọ̀fù ò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi ya. Tí ìǹspẹ́tọ̀ bá ń bọ̀, ọ̀gá á ti gbọ́ láti ọjọ́ méjì ṣáájú, gbogbo wa á gba hẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀tì tuntun láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó kó o padà sí sítọ́ọ̀. Ìwé Geneva wo lẹ wá ń sọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Lọ́ọ̀ (Fúráídéè, 8:31 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré, ìwé wà o, ó tiẹ̀ pọ̀. ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé tó wà ní Geneva, ti wà láti 1919, Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́ ní 1960 tí a gbòmìnira. Àdéhùn 155 wọn ló sọ̀rọ̀ ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́, 1981 ni wọ́n kọ ọ́, àwa fọwọ́ sí i ní 1994. Àdéhùn 187 ti ọdún 2006 náà wà lórí ọ̀rọ̀ ààbò yìí kan náà, ìyẹn la fọwọ́ sí ní 2022. Ọdún 2022 yẹn kan náà, ní oṣù kẹfà, ni ILO kéde pé ibi iṣẹ́ tó ní ààbò ti wọ inú àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́, ó wà nípò kan náà báyìí pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ àti pé wọn ò gbọdọ̀ fi tipátipá kó ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú 155 ná. Abala 16 ní ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀rọ tó kó síbẹ̀ ò lè ṣe èèyàn léṣe, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe mọ. Abala 21 ní ètò ààbò ò gbọdọ̀ ná òṣìṣẹ́ ní kọ́bọ̀ (ẹ̀gbọ́n, owó búùtù yín rèé o). Abala 13 ní bí òṣìṣẹ́ bá rí ewu ńlá níwájú tó sì kúrò nídìí iṣẹ́, wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ fìyà jẹ ẹ́. Ti ìǹspẹ́tọ̀ tí ẹ sọ yẹn, àdéhùn 81 ti 1947 ní kó wọlé lọ́sàn-án, kó wọlé lóru, láì kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, a sì ti fọwọ́ sí ìyẹn láti 1960. Àǹtí, ẹ gba kọ́ọ̀tù lọ tààrà, ẹ na 155 sí wọn lójú!

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 9:16 àárọ̀)

Ìwọ ọmọ yìí, o káre, o ń kàwé ẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí arábìnrin yìí dá 155 nìkan gbé lọ sí kọ́ọ̀tù o, ibẹ̀ ni lọ́yà ọ̀tún máa ti dìde pé kí ni a ń pè báyìí. Abala 12 nínú kọnsitítúṣọ̀n 1999 sọ ọ́ ní gbangba pé àdéhùn tí ìjọba bá ṣe pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè míì kò ní agbára òfin nílé àyàfi tí ilé aṣòfin l'Ábújá bá sọ ọ́ di òfin. Ó dà bí ìyàwó tí a ti san owó orí ẹ̀ tán tí a ò tíì gbé wọlé. Ìyàwó wa ni lóòótọ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dáná fún ẹnikẹ́ni jẹ nílé wa. Sùpírímù Kọ́ọ̀tù ti sọ̀rọ̀ yìí ní 2000 nínú ẹjọ́ Abacha àti Gani Fawehinmi: Chátà ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wúlò fún Gani torí pé a ti fi òfin tiwa gbé e wọlé, ká ní a ò gbé e wọlé ni, ìwé lásán ni ì bá jẹ́.

Kọnsitítúṣọ̀n kan náà sọ ní abala 17 pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí sí ìlera àti ààbò gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó dùn-ún gbọ́. Àfi pé orí kejì ló wà, abala 6 sì ti sọ pé ohun tó wà lórí kejì, ẹ ò lè tìtorí ẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ihò kékeré kan ṣá wà. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí kọnsitítúṣọ̀n mú abala 254C wá, ó ní kọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́, National Industrial Court, lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ tó bá kan àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a ti fọwọ́ sí. Àwa lọ́yà ṣì ń bára wa fa èyí, àwọn kan ní ó ti fo abala 12 kọjá, àwọn kan ní kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró síwájú adájọ́ níbẹ̀ l'Ákúrẹ́, mo fi ìwé ILO ti ẹjọ́ mi lẹ́yìn, ó gbọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n òfin ilé ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀.

Ó yá, òfin ilé. Òfin Fáktọ̀rì wà, ìyẹn ló ní kí wọ́n bo gbogbo ibi tó ń yí lára ẹ̀rọ. Èyí tó máa fún àbúrò rẹ lówó ni òfin ìsanpadà òṣìṣẹ́ ti 2010, Employee's Compensation Act, òun ló gba ipò òfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Workmen's Compensation Act. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba owó yìí jọ, ló ń bójú tó o. Gbogbo ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ máa san 1% àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún wọn lóṣooṣù, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Tí òṣìṣẹ́ bá fara pa, NSITF ló máa san. Kò sí pé à ń wá ẹni tó jẹ̀bi.

Ọmọ_Ìkéré_Gidi (Fúráídéè, 9:22 àárọ̀)

1%?? Tiwa, ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi lóṣù, wọ́n ní ti "ìnṣọ́" ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n lọ wá ìwé owó oṣù mi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lọ́ọ̀ (Fúráídéè, 9:30 àárọ̀)

Mo túúbá sà, ọdún kejì ni mo wà 🙏 Àǹtí ẹ yára o, mo rántí pé ọjọ́ 14 ni òfin yẹn fún yín láti lọ fi tó NSITF létí.

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 9:48 àárọ̀)

Rárá o, má dẹ́rù bà wọ́n. Ọjọ́ 14 yẹn, láti sọ fún ọ̀gá ni. Òṣìṣẹ́ á sọ fún ọ̀gá tàbí máníjà tàbí ẹni tó bá ń bójú tó ibi iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá wá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹni tó fara pa sì ní ọdún kan láti kọ̀wé béèrè owó.

Ọ̀gá yẹn rí i lójú ara ẹ̀, òun ló san owó ọsibítù, kò lè ní òun ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lẹ́nu lásán, afẹ́fẹ́ ni. Títí Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀ lo ní. Kọ lẹ́tà kékeré: orúkọ ẹ̀, ọjọ́ àti àsìkò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó gé e àti bó ṣe gé e. Òfin yẹn fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó rọrùn, kò béèrè gírámà. Fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí yẹn, kó má fọwọ́ sí i, bó tiẹ̀ ti fọwọ́ sí i náà, òfin ò ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí, òṣìṣẹ́ ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ ta ẹ̀tọ́ yẹn nù. Tábìlì kan wà lẹ́yìn òfin náà tó ka ẹ̀yà ara, iye tí wọ́n ka ìka sí nínú ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀.

Ọmọ_Òkèṣà (Fúráídéè, 10:20 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an sà. Ìṣòro kan wà. Àbúrò mi ò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kankan, àtẹnudẹ́nu ni, wọ́n ń sanwó fún un ní Sátidé Sátidé. Nígbà tí mo pe ọ̀gá yẹn lórí fóònù láàárọ̀ yìí, ó ní "ta ló gbà á síṣẹ́? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni". Ọmọ ọdún 24 tó ti ń lagi fún un látọdún méjì!

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 10:41 àárọ̀)

Ó ti fẹnu ara ẹ̀ kó o. Òfin 2010 yẹn túmọ̀ òṣìṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá gbà, ì báà jẹ́ lẹ́nu tàbí nínú ìwé, ì báà jẹ́ iṣẹ́ gbére tàbí ti ìgbà díẹ̀, lébìrà ojoojúmọ́ wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Kódà ọmọọ̀dọ̀ tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Àwọn tó kọ òfin yìí mọ ìlú tí wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ibi tí èdè Geneva ti wọ aṣọ tiwa dáadáa rèé, torí 155 náà sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́, òun ò pín in sí ẹni tó ní lẹ́tà àti ẹni tí ò ní.

Baba_Sọ́míìlì (Fúráídéè, 1:13 ọ̀sán)

Mo ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Kì í ṣe èmi ni ọ̀gá tí wọ́n ń sọ o, ṣùgbọ́n mo ní sọ́míìlì, ó ti lé lọ́dún 20. Ọmọ mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó máa pè wá ní ìkà, ẹ gbọ́ tẹnu wa.

Èkíní, kò sẹ́ni tó ti wọ sọ́míìlì mi rí wá sọ̀rọ̀ ìnṣọ́ràǹsì kankan. Àwọn tó ń wá, ti rísíìtì ni wọ́n ń bá wá, ti igbó lọ́tọ̀, ti lọ́kàà lọ́tọ̀, ti ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, wọ́n á gbowó, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lọ, kò sẹ́ni tó wo ayùn rí nínú wọn. Èkejì, ọwọ́ wẹ́dà ni a ti ra máṣíìnì náà, bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ wẹ́dà kò ní irin ìbòrí kankan. A ṣe é sí i lẹ́yìn. Gẹ́dú tó bá tóbi ò wá lè kọjá lábẹ́ ẹ̀, làwọn ọmọ bá yọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé ó léwu. Pákó tí wọ́n bá là ni wọ́n ń gbowó lé lórí, tó bá falẹ̀, ebi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala 16 abala 21, ta ló wá fi ojú abala yẹn hàn wá rí?

Bọ̀dá_Leeds (Fúráídéè, 2:02 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ Ọ̀yẹ́ ni mí, ọgbà pákó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Leeds nílùú Òyìnbó, ó ti di ọdún 11, torí náà ọ̀rọ̀ yín yé mi dénú.

Irin tí wọ́n gbé kẹ́tùlù lé yẹn ò tó bó tiẹ̀ wà lórí ayùn. Ohun tó jẹ́ kí igi ta padà ni pé kò sí irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ayùn. Bí igi bá ṣe ń là, irin yẹn ló máa ń dúró sí àárín ojú ibi tó là kí igi má baà padé kó há mọ́ ayùn. Irin yẹn ò dènà gẹ́dú kankan, torí ẹ̀yìn ló wà, wẹ́dà tó bá mọṣẹ́ á ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Ti orí, ẹ ṣe èyí tó ṣeé gbé sókè sódò, kì í ṣe èyí tí wọ́n jó pa. Ẹ sì gé igi tó gùn díẹ̀, kí wọ́n máa fi ti òpin pákó wọlé dípò ọwọ́. Igi náà ò náni ní nǹkan kan.

Ti òfin. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, Òfin Fáktọ̀rì yẹn, ẹ̀wù òkìríkà ni. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé 1987 la kọ sí i, àpẹẹrẹ ohun tí Òyìnbó gbé wá nígbà ìjọba wọn ni, òfin tó ń ka ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń yí, bò ó, bọ́ílà, yẹ̀ ẹ́ wò, àkàbà, mú un le. Tí iṣẹ́ rẹ ò bá sí nínú ohun tí wọ́n ń pè ní fáktọ̀rì, o ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó rán aṣọ yẹn fúnra wọn ti bọ́ ọ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Robens kalẹ̀, ìgbìmọ̀ yẹn jábọ̀ ní 1972 pé òfin ti pọ̀ jù, ó fọ́n ká, kò bo gbogbo èèyàn, ni wọ́n bá ṣe òfin tuntun ní 1974 tó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ọ̀gá yòówù, níbi iṣẹ́ yòówù, rí i pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ ò fara pa, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe mọ. Ọgbọ́n yẹn náà lẹ máa bá nínú 155. Ìǹspẹ́tọ̀ wọn lè kọ ìwé kan lójú ẹsẹ̀ pé máṣíìnì yìí ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Mo ti rí i, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn láago mẹ́wàá, ọ̀gá wa ń làágùn.

Ẹ má sì rò pé fífọwọ́ sí ìwé ló ń mú nǹkan ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí 155, òfin ààbò tiwọn sì ti wà láti 1970. Àwa fọwọ́ sí i láti 1994, ẹ wá lọ wo ayùn.

Ọmọ_Ìkéré_Gidi (Fúráídéè, 2:10 ọ̀sán)

Ẹ̀wù òkìríkà 😂😂 Bọ̀dá Leeds, ẹ ti pa mí. Owó ìtanràn inú ẹ̀ náà, náírà 1987 ni àbí? Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá wa, á fi ra búrẹ́dì.

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 4:37 ìrọ̀lẹ́)

Bọ̀dá Leeds sọ òótọ́. Wọ́n ti gbìyànjú láti rán ẹ̀wù tuntun. Bíìlì ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ kan kọjá ní Sẹ́nétì ní 2012, tó fẹ́ gba ipò Òfin Fáktọ̀rì kó sì bo gbogbo ibi iṣẹ́. Kò di òfin. Ohun tí a wá ń lò dípò ni ètò ìjọba, pọ́lísì tí wọ́n kọ ní 2006 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2020, torí 155 ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní pọ́lísì. Ìyẹn ni a fi dá Geneva lóhùn. Pọ́lísì ò lè gbé ẹnikẹ́ni dé kọ́ọ̀tù.

Bàbá Sọ́míìlì, ẹ má bínú sà, mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ n ṣírò fún yín. Ọmọ mẹ́rin, ká ní ẹ ń san ₦80,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ₦320,000 nìyẹn. 1% ẹ̀, ₦3,200. Kò tó owó dísù ọ̀sán kan nínú jẹnẹrétọ̀ yín. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wá kú sẹ́nu iṣẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, tó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, 90% owó oṣù ẹ̀ ni òfin ní kí NSITF máa san fún wọn lóṣooṣù. Ẹ̀yin náà ni ₦3,200 yẹn ń dáàbò bò, torí tí kò bá sí i, ọrùn yín ni gbogbo ẹ̀ ń bọ̀.

Baba_Sọ́míìlì (Fúráídéè, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

₦3,200? Lóṣù? Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ń já lọ́sẹ̀ kan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjerò_Kete (Fúráídéè, 6:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé àwa tí a wà nínú ihò. Níjerò níbí, wọ́n ń walẹ̀ kiri torí òkúta olówó iyebíye àti lítíọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé ń sáré wá. Ihò jíjìn, kò sí igi tó gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ró, tí òjò bá rọ̀ lóru, láàárọ̀ wọ́n á tún wọlé. Ta ni ọ̀gá? Ẹni tó ni ilẹ̀ ní òun kọ́, ẹni tó ń ra òkúta ní òun kàn ń rajà ni, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ní àwọn ń ṣe tara àwọn. Ilé aṣòfin Èkìtì ńkọ́, ṣé wọn ò lè ṣe òfin ààbò tiwa ni, ṣebí Èkó ní Lagos State Safety Commission?

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 8:14 alẹ́)

Ìbéèrè ńlá lo bi yẹn. Nọ́ńbà 34 lórí àtẹ ohun tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí, "ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́", ààbò òṣìṣẹ́ wà nínú ẹ̀ ní ṣàkó. Ìwakùsà náà, Àbújá ni, òfin tiẹ̀ ni ti 2007. Èkó ní tiwọn kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ nìkan, ààbò gbogbo ará ìlú ni, báyìí ni wọ́n ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé láti 2011. Èkìtì náà lè gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá wọn fà á ní ohun tó máa sọ. Lójú tèmi, ààrùn wa gan-an nìyí: Àbújá gba gbogbo àṣẹ mọ́ra, ìǹspẹ́tọ̀ tó wà nílẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ti pé ta ni ọ̀gá, tí ẹnì kan bá ń fún yín lóúnjẹ àti ṣọ́bìrì, tó ń sọ ibi tí ẹ máa gbẹ́, tó sì ń dá iye lé e, èmi á pè é ní ọ̀gá níwájú adájọ́.

Ìyá_Kòkó (Fúráídéè, 8:50 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Àwa àgbẹ̀ ńkọ́ o? Oògùn tí a ń fín sí kòkó, ojú mi a máa ta mí fún ọjọ́ mẹ́ta tí mo bá fín in. Ṣé NSITF máa sanwó ojú mi?

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 9:01 alẹ́)

Ìyá mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ ò sí nínú òfin yẹn, ẹ máa bo imú àti ojú yín ni o. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá yín fín in nígbà tí oko bá tóbi?

Ìyá_Kòkó (Fúráídéè, 9:07 alẹ́)

Àwọn lébìrà méjì kan ni, mo ń sanwó ojúmọ́ fún wọn.

Lọ́yà_Àgbà (Fúráídéè, 9:09 alẹ́)

Ọ̀gá ni yín, ìyá mi. Ẹ ra ìbomú àti ìbojú fún wọn. Ẹ má yọ ọ́ lára owó wọn.

Ìyá_Kòkó (Fúráídéè, 9:15 alẹ́)

Yéè! Mo wá bèèrè, ẹ tún wá di ẹrù rù mí 😅 Mo gbọ́.

Ọmọ_Òkèṣà (Túsìdeè, 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tá a bá a dé.

Lánàá a kọ lẹ́tà náà. Àbúrò mi ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́, ojú ìwé kan péré, "ayùn ò ní ìbòrí, igi há, ó ta padà, ó gé mi níka méjì". A mú un lọ. Máníjà kọ̀, kò fọwọ́ sí ẹ̀dà wa, ó ní ká máa gbé e lọ. A ṣe bí Lọ́yà Àgbà ṣe ní ká ṣe nígbà tí mo pè wọ́n: bọ̀dá tó ni ìsọ̀ tó kángun sí tiwọn ṣe ẹlẹ́rìí, mo ya fọ́tò lẹ́tà náà lórí tábìlì ẹ̀, lẹ́yìn náà a tún fi kúríyà ránṣẹ́ kí rísíìtì lè wà. Láàárọ̀ òní a lọ sí ọ́fíìsì NSITF. Arábìnrin tó dá wa lóhùn wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní orúkọ sọ́míìlì yẹn ò sí níbẹ̀ rárá, wọn ò san kọ́bọ̀ rí. Ọkàn mi já. Ṣùgbọ́n ó ní àìsan tiẹ̀, ọ̀ràn tiẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ yìí, ó fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó ní ká mú ìwé ọsibítù àti fọ́tò ọwọ́ wá, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà wa. Mo mọ̀ pé ó máa gba àkókò, ẹ má bi mí bóyá wọ́n ti sanwó.

Bá a ṣe ń bọ̀, a gba ọ̀nà sọ́míìlì yẹn kọjá. Àbúrò mi ní ká dúró díẹ̀. Irin ìbòrí yẹn ti wà lórí ayùn, ó tẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi wáyà so apá kan ẹ̀. Kẹ́tùlù wà nílẹ̀.

Baba_Sọ́míìlì (Túsìdeè, 7:20 alẹ́)

Wáyà ò lè mú un o, ìgbọ̀nrìrì máṣíìnì á já a láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Sọ fún wọn kí wọ́n fi bóòtù dè é.

Bọ̀dá Leeds, irin pẹlẹbẹ ti ẹ̀yìn ayùn yẹn, fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, wẹ́dà mi ń bọ̀ lọ́la.